Ìtàn Bọ́ọ̀sì Oníwáyà ti Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí a bá ń kọ ìtàn ìlú ńlá, ọba àti ìjòyè, ogun àti àdéhùn àlàáfíà ni ó sábà máa ń gba iwájú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú ìwé, èyí ni ọ̀nà tí àwọn mẹ̀kúnnù ìlú náà ń gbà dé ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, tí wọ́n sì ń gbà padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìlú kan ti ń ronú, kí ó kíyèsí ọkọ̀ tí ó ń wọ̀, kí ó sì wádìí ìdí tí ó fi pa èyí tí ó ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ tì. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n ìtàn ọkọ̀ kan tí ó rìn ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún 31, láti 1931 títí di 1962. Ní ìgbà tí ó wà ní ògo rẹ̀, kò sí ìlú mìíràn ní ayé tí ó ní irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tí ó ni ín ni ó fi ọwọ́ ara wọn tú u palẹ̀.

Trolleybus ni àwọn Òyìnbó ń pè ọkọ̀ náà. Àwa yóò máa pè é ní bọ́ọ̀sì oníwáyà, nítorí pé nínú wáyà ni agbára rẹ̀ wà. Ará Jámánì kan, Werner von Siemens, ni ó kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ han aráyé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin, 1882, ó fi kẹ̀kẹ́ kan tí kò ní ẹṣin níwájú, tí kò sì rú èéfín, dán an wò ní Halensee lẹ́bàá ìlú Berlin. Iná mànàmáná tí ń gba inú wáyà méjì lórí òpó ni ó ń fà á lọ. Ọ̀nà tí ó rìn kò ju nǹkan bí 540 mítà lọ, kò sì pé oṣù méjì tí a fi dá a dúró. Ṣùgbọ́n irúgbìn náà ti bọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1911, ìlú méjì ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bradford àti Leeds, jọ ṣí bọ́ọ̀sì oníwáyà tiwọn ní ọjọ́ kan náà, àwọn sì ni ìlú àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Bìrìtéènì tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé bí ọkọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè mọ ìdí tí a fi fẹ́ ẹ àti ìdí tí a fi kọ̀ ọ́. Ṣáájú rẹ̀ ni tráàmù ti wà, èyí tí ń rìn lórí irin tí a tẹ́ sí àárín pópó. Tráàmù ń gba iná láti inú wáyà kan lókè, iná náà a sì gba inú irin tí ó wà nílẹ̀ padà sí ibi tí ó ti wá. Bọ́ọ̀sì oníwáyà kò ní irin nílẹ̀. Táyà rọ́bà ni ó fi ń rìn bí ọkọ̀ yòókù, rọ́bà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Nítorí náà ni ó fi gbọ́dọ̀ ní wáyà méjì lókè, ọ̀kan fún àlọ iná, èkejì fún àbọ̀ rẹ̀. Ọ̀pá gígùn méjì ni ó wà lórí òrùlé rẹ̀, tí wọ́n na ara wọn sẹ́yìn bí ìwo ẹtu, tí orí wọn sì ń tẹ̀ mọ́ wáyà. Agbára iná náà tó nǹkan bí 600 fóltì, ó ju ìlọ́po méjì èyí tí ń tan iná inú ilé wa lọ. Nítorí pé ọ̀pá wọ̀nyí lè yí sí ọ̀tún àti sí òsì, awakọ̀ lè yà díẹ̀ kúrò lábẹ́ wáyà láti kọjá lára kẹ̀kẹ́ tí ó dúró lójú ọ̀nà, tàbí láti súnmọ́ etí títì kí àwọn èrò lè sọ̀kalẹ̀ láìséwu. Tráàmù kò lè ṣe èyí láéláé.

Ní nǹkan bí ọdún 1930, ọ̀pọ̀lọpọ̀ irin tráàmù Lọ́ńdọ̀nù ti jẹ tán. Láti tẹ́ òmíràn yóò ná ilé iṣẹ́ tráàmù ní owó ńlá, pópó náà yóò sì di gbígbẹ́ káàkiri. Ṣùgbọ́n òpó ń bẹ nílẹ̀, ilé iná ń bẹ, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ iná sì ń bẹ. Àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn rò ó pé: kí ni ó dé tí a kò ní fi irin sílẹ̀, kí á sì di wáyà mú? Bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ London United Tramways ṣe ṣí ọ̀nà àkọ́kọ́ láti Twickenham dé Teddington ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún, 1931. Ọgọ́ta ni bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ìlú sì sọ wọ́n ní "Diddler".

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, 1933, a kó gbogbo tráàmù àti bọ́ọ̀sì àti rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ yìí wo iṣẹ́ tí àwọn ará Twickenham ṣe, ó sì dára lójú wọn. Láti ọdún 1935 títí di oṣù kẹfà 1940 ni wọ́n fi ń yọ tráàmù kúrò ní àdúgbò kan tẹ̀lé òmíràn, tí wọ́n sì ń fi bọ́ọ̀sì oníwáyà dípò. Nígbà tí iṣẹ́ náà fi dé ibi tí ó dé, ọ̀nà tí wáyà gbà ju 250 máìlì lọ, ìlà tí a ń rìn jẹ́ 68, bọ́ọ̀sì náà sì ju 1,700 lọ. Òun ni ó tóbi jù lọ ní gbogbo ayé ní ìgbà náà, kí ti ìlú Moscow tó wá borí rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọ̀la.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú bá ẹnìkan rìn wàyí, ẹni tí ó fẹ́ràn ọkọ̀, tí ó mọ̀ wọ́n bí ọdẹ ti ń mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran. Irú wọn pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé kékeré ń bẹ lọ́wọ́ wọn, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n bá rí sí. Ká ní ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1953, ọdún kan lẹ́yìn tí tráàmù ìkẹyìn ti wọlé tí kò tún jáde mọ́. Kí ni yóò rí?

Ohun àkọ́kọ́ tí yóò yà á lẹ́nu ni ìdákẹ́jẹ́. Ọkọ̀ alájà méjì, tí ó ní àyè ìjókòó fún 70 ènìyàn, yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì ní gbọ́ ju ariwo táyà àti ìró wáyà tí ń kùn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lókè. Ẹni tí kò bá wo ọ̀tún wo òsì kí ó tó rékọjá pópó wà nínú ewu, nítorí pé etí kò ní sọ fún un pé ọkọ̀ ń bọ̀. Bí ó bá wọ ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 611 ní Moorgate, yóò gun òkè Highgate, ọ̀kan nínú àwọn òkè tí ó ga jù ní ìlú náà. Bọ́ọ̀sì tí a ń lò níbẹ̀ ní bíréékì àrà ọ̀tọ̀ tí kì í jẹ́ kí ó yí padà sẹ́yìn, ẹ̀rọ iná a sì máa gbé e gòkè láìmí gúlegúle. Ní oríta tí ọ̀nà ti pínyà, yóò rí kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ó bẹ́ sílẹ̀, tí ó sáré lọ fa irin kan tí a so mọ́ ara òpó, kí wáyà lókè lè ṣí ọ̀nà fún ọ̀pá ọkọ̀ náà. Bí ọ̀pá bá sì fò kúrò lára wáyà, ọkọ̀ a dúró gbọnrangandan, iná inú rẹ̀ a kú, àwọn èrò a máa wo ara wọn lójú. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ a wá fa ọparun gígùn kan yọ láti abẹ́ ọkọ̀, a sì fi mú ọ̀pá náà padà sí àyè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń fi ọ̀gọ́ já èso lórí igi.

Àlejò wa yóò tún gba Camden Road kọjá lábẹ́ wáyà. Ní òpópó yìí ni ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, tí Ladipo Solanke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1925, ṣí ilé sí ní 1933, lẹ́yìn náà ni wọ́n sì bọ́ sí Camden Square tí ó wà nítòsí. Nígbà tí wáyà dé àdúgbò náà ṣáájú ogun, àwọn ọmọ Yorùbá tí ń kọ́ òfin àti ìṣègùn wà lára àwọn tí ń gbé ibẹ̀.

Ogun ńlá kejì tilẹ̀ mú Áfíríkà wọ inú ìtàn yìí ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn ìlú Durban àti Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà ti fi owó paṣẹ bọ́ọ̀sì oníwáyà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a ṣe wọ́n tán, òkun ti di ojú ogun, kò sí ààbò fún ọkọ̀ òkun tí yóò kó wọn lọ. Mẹ́tàlélógójì nínú wọn ni a dá dúró ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a sì kó lọ sí Ilford láti máa gbé àwọn ará ìlú. Wọ́n fẹ̀ ju èyí tí òfin gbà fún ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù lọ, nítorí náà ni a fi gba àṣẹ pàtàkì kí wọ́n tó rìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí a kàn fún oòrùn Durban ṣe wá ń rìn nínú ìkùukùu Ilford, lábẹ́ àdó olóró. Ní ọdún 1944, àdó olóró tí ń fò láìní awakọ̀ bọ́ lu ọgbà ọkọ̀ Bexleyheath, ó sì ba ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì jẹ́. Síbẹ̀ iṣẹ́ kò dúró. Àǹfààní ńlá ni ó jẹ́ ní ìgbà ogun pé ọkọ̀ wọ̀nyí kò lo epo tí ó ti òkèèrè wá, nítorí èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni a fi ń ṣe iná wọn.

Lẹ́yìn ogun, ìgbìmọ̀ ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù tún ra bọ́ọ̀sì oníwáyà 127 tuntun láàárín 1948 àti 1952. Ẹni tí ó bá rí wọn yóò rò pé ọkọ̀ náà yóò pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 1954 ni a kéde pé gbogbo bọ́ọ̀sì oníwáyà yóò kógbá sílé, bọ́ọ̀sì tí ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì yóò sì gba ipò wọn.

A kò gbọdọ̀ pe àwọn tí ó ṣe ìpinnu yìí ní aṣiwèrè. Ìdí wọn fìdí múlẹ̀. Ìdí kìíní ni pé àwọn ará ìlú ń ṣí lọ sí ilé tuntun ní ẹ̀yìn odi. Bọ́ọ̀sì elépo lè tẹ̀lé wọn lọ́la, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ri òpó, kí á sì na wáyà, kí bọ́ọ̀sì oníwáyà tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí kejì ni pé wáyà àti àwọn ohun èlò tí a nà ṣáájú ogun ti ń gbó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, owó àtúnṣe wọn yóò sì pọ̀. Ìdí kẹta ni pé bọ́ọ̀sì elépo ti pọ̀ ju ti wáyà lọ fíìfíì ní ìlú náà; ẹni tí ó bá ń tọ́jú irú ọkọ̀ méjì gbọ́dọ̀ ní irú òṣìṣẹ́ méjì àti irú ohun èlò méjì. Ìdí kẹrin ni pé epo pọ̀ lọ́jà, kò sì wọ́n.

Gbogbo ìdí wọ̀nyí ni a lè fi owó kà, a sì kà wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa máa ń wí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò pẹ́ kò jìnnà, ní ọdún 1956, wàhálà Suez bẹ́ sílẹ̀. A dí ọ̀nà omi náà, epo sì di ọ̀wọ́n. Láti oṣù kejìlá ọdún náà títí di oṣù karùn-ún 1957 ni ìjọba Bìrìtéènì fi ń fi ìwọ̀n pín epo pẹtiróòlù fún àwọn ará ìlú. Ìkìlọ̀ tí ó ṣe kedere ni èyí fún ìlú tí ó fẹ́ fi gbogbo ẹrù rẹ̀ lé orí epo ilẹ̀ òkèèrè. Wáyà ṣì wà lórí òpó ní gbogbo ìgbà náà, ọkọ̀ sì ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ìpinnu 1954 kò yí padà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1959 ni iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Bexleyheath àti Carshalton. Ìpele 14 ni wọ́n pín in sí, àdúgbò kan tẹ̀lé òmíràn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe kọ́ ọ. Bọ́ọ̀sì elépo tuntun tí a mọ̀ sí Routemaster ni ó gba ipò ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn bọ́ọ̀sì tí a rà lẹ́yìn ogun kò tíì gbó. A ta 125 nínú 127 náà fún àwọn ìlú ní Sípéènì, níbi tí wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ wáyà mìíràn. Àwọn yòókù, alápatà irin ni ó jogún èyí tí ó pọ̀ jù.

Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún, 1962, ni òpin dé. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ní 1931 náà ni a parí rẹ̀ sí, ní ọgbà ọkọ̀ Fulwell nítòsí Twickenham. Bọ́ọ̀sì nọ́ńbà kìíní, Diddler àtijọ́, jáde ní ọjọ́ náà fún ìdágbére. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 1521 ni ó wọlé kẹ́yìn láàárín ogunlọ́gọ̀ ènìyàn.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, pé kí ni àgbàlagbà ń fi nọ́ńbà ọkọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ni ó ya àwòrán, àwọn ni ó kọ àkọsílẹ̀, àwọn ni ó sì dá owó jọ láti ra ọkọ̀ kí alápatà irin tó gbé àáké. Nítorí wọn ni 1521 fi wà títí di òní ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Carlton Colville ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1969, irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn ní Sandtoft, fún bọ́ọ̀sì oníwáyà nìkan. Bradford, tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ni ó parí kẹ́yìn ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta, 1972. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ irú ọkọ̀ náà ní Bìrìtéènì, ọ̀dọ̀ àwọn olùtọ́jú ohun àtijọ́ ni yóò lọ.

Wàyí o, kí ni ìlú náà san fún ìpinnu rẹ̀? Èéfín epo dísẹ́ẹ̀lì ni ìdáhùn kan. Ní ọdún 2013, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 9 kan, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí òpópó ńlá kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, kú nípa àìsàn ikọ́-fée. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, adájọ́ tí ń wádìí ikú dájọ́ pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin wà lára ohun tí ó pa á; irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì wáyé rí ní ilẹ̀ náà. A kò sọ pé bí a bá ti fi wáyà sílẹ̀ ní 1954 ni ọmọ náà ìbá yè. Mọ́tò àdáni pọ̀ ju bọ́ọ̀sì lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀bi náà lé ìgbìmọ̀ kan lórí. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí àwọn àgbà ń ka owó ní 1954, kò sí àyè nínú ìwé ìṣírò wọn fún èémí ọmọdé. Láti ọdún 2019 ni ìlú náà ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó bá wa ọkọ̀ ẹléèéfín wọ àárín rẹ̀, ó sì ti ra bọ́ọ̀sì alágbára iná tí ó ju 1,000 lọ, èyí tí ń gbé iná sínú bátìrì. Bẹ́ẹ̀ ni Lọ́ńdọ̀nù fi owó gọbọi padà sí ibi tí ó ti kúrò. Àwọn ìlú tí kò já wáyà tiwọn, bíi Zurich ní Switzerland, Lyon ní ilẹ̀ Faransé, San Francisco ní Amẹ́ríkà àti São Paulo ní Brazil, kò rin ìrìn-àjò àlọ àti àbọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe rò pé gbogbo ayé ni ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà, nítorí Moscow, tí ó gba ipò kìíní lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù, pa tirẹ̀ tì ní 2020.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Èkó ní tráàmù tirẹ̀ láti ọdún 1902, èyí tí ń lo agbára ooru omi. Ní 1933 ni a dá a dúró, a sì fi gbogbo ìrìnnà lórí ilẹ̀ Erékùṣù lé ọkọ̀ elépo lọ́wọ́. Ọgọ́ta ọdún àti 30 kọjá kí ọkọ̀ ojú irin tí ń lo iná mànàmáná tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Marina lọ sí Mile 2 ní ọdún 2023. Láàárín àkókò gígùn yìí, bọ́ọ̀sì elépo ni a wọ̀, èéfín rẹ̀ sì ni a fà símú.

Ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí mú dání ni èyí: bí a bá gbé ìpinnu ńlá ka iwájú yín lọ́jọ́ kan, nípa ọkọ̀ tàbí nípa omi tàbí nípa igbó, ẹ béèrè ohun tí yóò náni, nítorí ọlọ́gbọ́n kò lè ṣe aláìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tún béèrè ta ni yóò san án, àti pé ṣé ẹni náà ti dàgbà tó láti sọ̀rọ̀ ní ìgbìmọ̀. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ní ti afẹ́fẹ́ ìlú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó máa ń bá a ru ú.